Ìwé Olú Tó Wà Lọ́wọ́ Genowefa

Ìwé oníwúrà ń kó mi nírìíra. Bí mo bá ti rí ẹ̀yìn ìwé tó ń dán gbinrin lórí pẹpẹ, mo máa ń gbé ojú kúrò níbẹ̀ kíá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Genowefa Pacholczyk ló tọ́jú yàrá ìwádìí ní láíbìrì ìlú wa, létí igbó páìnì, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Obìnrin kúkúrú ni, alágídí, kì í fi ṣúgà sí tíì. Ó ní ìwé pélébé kan nínú dúrọ́ọ̀ tó ń kọ ìbéèrè sí, ìyẹn ìbéèrè tí ìwé wa ò lè dáhùn nìkan. Bí ọdún bá ń parí lọ, á kà á látòkè délẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn béèrè jù ni á ní kí wọ́n rà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìbéèrè nípa olú ló pọ̀ jù. Níbí, bí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti rọ̀, apẹ̀rẹ̀ olú á ti inú igbó dé orí tábìlì Genowefa tààrà, tòun ti ẹrẹ̀ àti kòkòrò. Àwọn tó gbé wọn wá á ṣí ìwé olú aláwòrán wa, wọ́n á máa fi èyí wé ìyẹn. Ìwé náà ju ogójì ọdún lọ. Ó sọ pé olszówka, olú pupa rẹ́súrẹ́sú kan, kò léwu bí a bá bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí a da omi rẹ̀ nù. Irọ́ ni. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti rí i pé ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ léraléra, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa pa ara rẹ̀ run, tí á sì kú.

Genowefa béèrè nǹkan méjì: ìwé olú tuntun, àti àyè láti wọ àká ìwádìí àwọn dókítà lórí kọ̀ǹpútà. Ó sì yọ ìwé àtijọ́ kúrò lórí pẹpẹ.

Mroczek, ọ̀gá wa, dá a padà síbẹ̀. "Ìyáàfin Genowefa, ìwé tó ní òǹtẹ̀ lára! Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó kó tó kúrò ńlẹ̀. Ó di oṣù Kejìlá."

"Kí wọ́n máa jẹ májèlé títí dìgbà yẹn, àbí?"

"Ẹ má dà mí lórí rú jàre. Ẹ wá wo ohun tí mo rà."

Gbogbo owó ìwé ọdún náà ló ti ná sórí ìwé ìmọ̀ gbogbo kan, apá mẹ́rìnlélógún, ẹ̀yìn wọn oníwúrà, torí gómìnà ń bọ̀ wá ṣí gbọ̀ngàn ìkàwé. Ó ti fi rúlà wọn pẹpẹ kó tó rà wọ́n. Rúlà! Genowefa bi í pé ta ló béèrè fún wọn.

"Wọ́n bá kọ́tìnì mu," ni ó wí. Títí dòní, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá.

Lọ́jọ́ tí Genowefa lọ yọ eyín, èmi tí mò ń bá a ṣiṣẹ́ ni mo jókòó sípò rẹ̀. Bàbá Teofil, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì, gbé apẹ̀rẹ̀ olszówka wọlé.

"Ọmọ mi, ọmọbìnrin mi ò jẹ́ n sinmi. Ó ní májèlé ni. Èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́ kí n tó mọ ìyá ẹ̀! Gbé ìwé yẹn wá, kí n fi pa á lẹ́nu mọ́."

Mo mọ ohun tí Genowefa sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ló dá ìwé padà, mi ò sì fẹ́ wàhálà. Mo gbé e fún un. Ó kà á sókè, ó bú sẹ́rìn-ín.

"O ò rí i! Láíbìrì ò lè purọ́."

Ó lọ se olú náà jẹ; kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ó ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá wa, ojú rẹ̀ wú. "Ta ló gbé ìwé yẹn fún bàbá mi?" Genowefa wo Mroczek, Mroczek wo ilẹ̀. Èmi ń to ìwé tó ti wà létòlétò.

Ní oṣù Kejìlá, ìgbìmọ̀ jókòó: Mroczek, Genowefa, èmi. Fọ́ọ̀mù ní àyè fún ìdí tí ìwé fi ń kúrò. Genowefa kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ó pa Teofil Gawlik." Mroczek fa igi lé e.

"Ẹ kọ 'ó ti gbó'. Ìbuwọ́lù èèyàn méjì ti tó." Ó sún bírò sọ́dọ̀ mi.

Mo kọ ọ́. Mo bu ọwọ́ lù ú. Genowefa kò bá mi jà. Ó mú ìwé pélébé rẹ̀ jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ, kò sì padà wá mọ́.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni ti ọmọ Teofil: ta ló gbé ìwé yẹn fún bàbá mi? Ọdún mẹ́fà rèé, ara mi ń kó mi nírìíra, mi ò sì tíì kọ ìdáhùn sí i.