Ìkòkò Pupa Tí Ìyá Àgbà Mú

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí dírẹ́bà lè há mi sí àárín òun àti èrò iwájú, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti máa ń lo ọlidé. Ọ̀yọ́ ni ilé wa. Màmá mi á mú mi lọ sí gáréèjì láàárọ̀, wọ́n á fà mí lé dírẹ́bà tí wọ́n mọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á sì di ẹ̀kọ mẹ́ta àti àkàrà sínú ọ̀rá fún mi bí ẹni pé Sókótó ni mò ń lọ. Kí ọkọ̀ tó jáde ní ìlú, mo ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi yóò rántí àwọn ọkọ̀ ìgbà náà, tí ìjókòó wọn jẹ́ pákó, tí èéfín ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọlé, tó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá máa fi sọ̀ kalẹ̀, ihò imú wa ti dúdú.

Ìyá tó bí màmá mi ni mò ń lọ bá. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa se oúnjẹ fún obìnrin òyìnbó kan, olùkọ́, tó ti pẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó ń gbọ́ Yorùbá, tó sì ń bá àwọn ẹlẹ́ran ná ọjà. Màmá Òyìnbó ni àwa ń pè é. Bí mo bá ti wà ní ọlidé, èmi àti Ìyá Àgbà la jọ ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Èmi ni mò ń ṣa ẹ̀wà, tí mò ń bó àlùbọ́sà, tí mò ń pọn omi kún àmù tó wà lẹ́yìn kíṣìnnì. Bí mo bá ti ṣe tán, mo lè lọ ta òkòtó lábẹ́ igi máńgòrò. Bí mo bá fọ́ nǹkan, orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa wà, ọwọ́ mi méjèèjì lókè, títí òórùn oúnjẹ á fi sọ fún mi pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Inú kíṣìnnì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí ìkòkò náà. Irin ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń yọ́ tà ní ọjà wa. Wọ́n fi tánńganran bò ó nínú lóde, bíi ti abọ́ ìjẹun. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bí ata rodo tó pọ́n, inú rẹ̀ sì funfun bí ẹyin. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dá a gbé. Tí èèyàn bá gbé ọmọrí rẹ̀ lé e, kì í pariwo. Á ṣe gbì, á sì dákẹ́. Iná kékeré ló fẹ́, ooru inú rẹ̀ kì í sì í jáde. Ìyá Àgbà á ra ẹran ní Sábó, ẹran màlúù arúgbó tó jẹ́ pé ìkòkò mìíràn á se é títí èédú á fi tán, eyín á ṣì máa bá a jà. Nínú ìkòkò pupa, ẹran náà á rọ̀ tí ṣíbí á fi lè gé e.

Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ló mú ọkàn mi. Màmá Òyìnbó á po ìyẹ̀fun lálẹ́, á bò ó mọ́lẹ̀, Ìyá Àgbà á sì sọ ọ́ sínú ìkòkò náà láàárọ̀, wọ́n á tì í sínú sítóófù ńlá tó ní ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá gbé e jáde, èèpo rẹ̀ á máa dún wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ewé gbígbẹ tí èèyàn tẹ̀. Ìdí búrẹ́dì yẹn, níbi tó ti le díẹ̀, tèmi ni. Bọ́tà á yọ́ sórí rẹ̀. Ní ilé wa l'Ọ̀yọ́ nígbà náà, búrẹ́dì ti di ohun tí à ń fi ojú jẹ, nítorí ìyẹ̀fun ti wọ́n gógó.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni a gbọ́ pé Màmá Òyìnbó ń padà sí ìlú wọn pátápátá. Ó sọ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n wo gbogbo ilé, kí wọ́n mú ohun kan ṣoṣo tó bá wù wọ́n. Ẹnìkan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ ló sọ ọ́ fún màmá mi. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi kò ti lè sùn dáadáa, nítorí wọ́n mọ̀ pé maṣíìnì ìránṣọ kan wà nínú ilé yẹn, irú èyí tí à ń fi ọwọ́ yí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ màmá mi ṣe rí. Wọ́n ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, wọ́n sì ti gba fírídọ̀mù láti ìgbà tí mo ṣì ń rá kòrò, ṣùgbọ́n wọn kò ní maṣíìnì. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn ni wọ́n ṣì ń lọ, maṣíìnì ọ̀gá ni wọ́n fi ń rán aṣọ oníbàárà tiwọn, nígbà tí ọ̀gá kò bá lò ó. Ọ̀gá náà kì í bínú. Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣe, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ló sì ń dunni jù. Bí ẹnìkan bá wọlé béèrè màmá mi, á ní, “Ẹ jókòó, télọ̀ alábẹ́rẹ́ ń bọ̀.” Àwọn ọmọṣẹ́ á bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la tí mo máa lọ, bí wọ́n ṣe ń di irun mi, wọ́n rán mi níṣẹ́. Wọ́n ní, “Sọ fún màmá mi pé maṣíìnì ni kí wọ́n bá mi mú. Ìwọ àti àwọn nìkan ni kí ẹ wà níbẹ̀ tí o bá fẹ́ sọ ọ́.” Wọn kò lè kọ lẹ́tà, nítorí Ìyá Àgbà kò mọ̀ọ́kà; aládùúgbò ló ń bá wọn ka lẹ́tà, gbogbo agboolé ni yóò sì gbọ́ pé ọmọ ń pàṣẹ ẹ̀bùn fún ìyá rẹ̀. Wọ́n mú kí n sọ ọ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, “Iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́, Àjíkẹ́. Má fi tìrẹ kún un.”

N kò fi tèmi kún un. N kò jẹ́ ẹ ni.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ọjọ́ tí mo dé, ilé kún fún àlejò. Ọjọ́ kejì, a lọ síbi iṣẹ́, wọ́n fún mi ní ìdí búrẹ́dì, mo sì ń jẹ ẹ́, mò ń wo ìkòkò pupa náà. Ibẹ̀ ni èrò náà ti wọ inú mi: bí ìkòkò yìí bá bá wa délé, búrẹ́dì á bá a délé. Maṣíìnì kò ṣeé jẹ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ohun tí mo rò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, èmi àti Ìyá Àgbà nìkan la jókòó, à ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wá ní, “Àjíkẹ́, ìyá rẹ kò rán ọ sí mi?”

Mo ní, “Wọ́n ní kí n kí yín, mà.”

“Kíkí nìkan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n da òkúta tó wà lọ́wọ́ wọn nù. Wọ́n ní àwọn rò pé yóò fẹ́ maṣíìnì yẹn ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ti ń ṣe dáadáa sí i.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n máa mú nǹkan, mo tẹ̀ lé wọn. Màmá Òyìnbó fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kan maṣíìnì náà, ó ní, “Ẹ ò ní mú èyí fún ọmọ yín?”

Ìyá Àgbà ní, “Ọmọ mi kò ránṣẹ́, mà.”

Wọ́n wá yíjú sí àwọn ìkòkò. Mẹ́ta ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì jẹ́ onítánńganran. Wọ́n fi èékánná fa etí wọn yípo, wọ́n ń wá ibi tó ti gé. Wọ́n kọ ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kí wọ́n lè wo inú rẹ̀ bóyá ìlà wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìka lu ìdí rẹ̀, wọ́n tẹ́tí, bí a ti ń ṣe fún ìkòkò amọ̀ lọ́jà. Aláwọ̀ ewé kékeré ti ní ibi tó ṣí. Èyí tó tóbi jù ti sán nísàlẹ̀. Wọ́n gbé èyí pupa, wọ́n fi gèlè orí wọn dì í, wọ́n sì gbé e rù. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń fò lẹ́yìn wọn ní ojú ọ̀nà. Ìyàwó ẹni tó ń ṣe ọgbà ni wọ́n fún ní maṣíìnì. Kò mọ aṣọ rán. Orí rẹ̀ ló ń gbé fìtílà lé.

Búrẹ́dì tí mo tìtorí rẹ̀ purọ́, n kò rí i jẹ mọ́. Ìyá Àgbà dán an wò lẹ́ẹ̀kan lórí àdògán, wọ́n kó ẹ̀yinná lé orí ọmọrí, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ jóná, àárín rẹ̀ sì wà ní tútù. Ìyẹ̀fun kò sí láti fi ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Màmá mi wá mú mi nígbà tí ọlidé parí. Wọ́n kúnlẹ̀ kí ìyá wọn, wọ́n dìde, ojú wọn sì bọ́ sórí ìkòkò náà. Mo rí i bí wọ́n ṣe yẹ gbogbo yàrá wò, igun kan sí ìkejì, tí wọ́n sì padà wo ìkòkò. Ìyá Àgbà ń fi í hàn wọ́n tayọ̀tayọ̀. Màmá mi ní, “Ẹ kú oríire, mà. Ó dára gan-an ni.” Wọn kò béèrè. Ní ilé tiwa, ọmọ kì í bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi fún òun ní nǹkan. Ìyá Àgbà bu ẹran fún wọn látinú ìkòkò náà. Màmá mi ní eyín ń dun àwọn.

Nínú ọkọ̀, a ti ń sún mọ́ Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó bi mí bóyá mo jíṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí pé kí ni màmá àwọn wí.

Mo ní, “Wọn kò sọ nǹkan kan.”

Wọ́n kọjú sí fèrèsé.

Ìkòkò náà ṣiṣẹ́ o. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìyá Àgbà fi se ẹran fún ìnáwó púpọ̀, wọ́n sì kọ́ mi ní ìlò rẹ̀: má gbé e kaná lófìfo, má mú iná rẹ̀ pọ̀, orógùn igi ni kí o fi rò ó, má da omi tútù sí i nígbà tó bá gbóná, kí tánńganran rẹ̀ má bàa sán, kànìnkànìn rírọ̀ ni kí o fi fọ̀ ọ́. Àwa tí wọ́n fi yanrìn àti eérú kọ́ ní ìkòkò fífọ̀, ìyẹn le fún wa. Ọjọ́ tí aládùúgbò kan fẹ́ ṣe wọ́n lóore, tó bu yanrìn sí i, Ìyá Àgbà tí kì í sáré sáré lọ́jọ́ náà. Gbogbo agboolé ń sọ pé ìkòkò náà ń jayé ju àwọn lọ.

Ṣùgbọ́n màmá mi kò jẹ ohunkóhun nínú rẹ̀ rí. Eyín dídùn di inú rírun, inú rírun di pé àwọn ti jẹun lọ́nà. Ìgbà tí wọ́n ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ń dín kù. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, Ìyá Àgbà bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Kí ni mo fi ṣe ìyá rẹ?” Mo lè sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Gbólóhùn kan péré ni. Mo ní n kò mọ̀. Kí n tó jáde ìwé mẹ́wàá, Ìyá Àgbà kú. Wọ́n ti sọ kí wọ́n tó lọ pé èmi ni kí wọ́n fún ní ìkòkò náà.

Mo ra maṣíìnì fún màmá mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n gbàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, òwú àti bọ́tìnnì ni wọ́n ti ń tà ní ìsọ̀ kékeré kan ní tiwọn.

Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń sọ pé ayé ìgbà náà sàn ju ti ìsinsìnyí lọ, mo máa ń gbà fún wọn. Oúnjẹ wa ládùn, eré wa kò náni ní nǹkan kan, ẹ̀kọ́ ilé sì wà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ lè kú sẹ́nu ọmọdé, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Lónìí, ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gbé àdúgbò Under G, fúnra rẹ̀ ló ń pe màmá mi lórí fóònù, ó ń sọ ohun tó fẹ́, wọ́n ń dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó pè wọ́n bẹ́ẹ̀, tí mo wà ní ìsọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, n kò mọ ohun tó ṣe mí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti búrẹ́dì. Mo sọ ti ẹ̀wà tí à ń ṣa. Mo sọ ohun tí Ìyá Àgbà wí fún Màmá Òyìnbó. Wọ́n ń to rólù òwú, wọn kò dúró, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú. Mo ti kúnlẹ̀.

Wọ́n ní, “Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn ìkòkò jù mí lọ ni.”

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀, kí eruku má bàa ba aṣọ mi jẹ́. Nígbà tí mo dìde tán, wọ́n wo ojú mi.

Wọ́n ní, “Kì í ṣe èmi ló yẹ kí o sọ fún, Àjíkẹ́. Ìyá mi ni.”