Ohun Tó Wà Nínú Ẹja Ìyá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ dáadáa ni mí nígbà tí à ń gbé ní Pápá Àjàó, ẹ má gbà á gbọ́. Mo mọ ìkíni, mo sì ń pọnmi kílẹ̀ tó mọ́. Àmọ́ ojo ni mí.

Ìgbà ìjọba ológun ni. Bàbá mi ní ẹ̀rọ tó fi ń lọ rọ́bà níwájú ilé wa. Korobá fífọ́, bàtà jíjá, abọ́ tó ti sán, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó wá fún un. Á lọ̀ wọ́n wẹ́wẹ́, á dì wọ́n sínú àpò, àwọn tó ń ṣe korobá tuntun á wá rà á. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń sin ẹja àrọ̀ nínú táǹkì oníṣìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé. Àpò tí bàbá mi ò bá lò mọ́ la fi ń gbé eèrí àgbàdo tí àwọn ẹja ń jẹ.

Èmi ni mò ń bọ́ wọn. Mo ti ṣe ìdánwò àṣejáde girama, mò ń retí èsì. Ìyá mi kórìíra ìfiṣòfò, nítorí náà bí eèrí bá tán, màá dojú àpò kọ omi, màá gbọ̀n ọ́n títí kò fi ní ku nǹkan kan. Mo rí i pé nǹkan búlúù àti pupa ń bá eèrí jábọ́, òmíràn kúnná bí àtíkè. Ẹja ń gbé e mì. Mo ní wọn á yà á dànù.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ẹja yìí ò yé wa mọ́. Wọ́n ń jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀, síbẹ̀ orí nìkan ló ń tóbi, ara ń gbẹ. Tẹ́lẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ bá bó lára ògiri táǹkì, kò ní pẹ́ jinná. Ní báyìí, egbò á funfun, á hu nǹkan bí òwú, ẹja á sì kú. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ lónìí pé rọ́bà tó kúnná máa ń ba ìfun ẹja jẹ́, kì í jẹ́ kí oúnjẹ ṣe é lóore, kì í sì í jẹ́ kí ara rẹ̀ lè bá àrùn jà. Nígbà yẹn, ta ló mọ̀?

Ìyá mi ní òun mọ̀. Ayálégbé wa kan wà, opó ni, ó ń ránṣọ, Àǹtí ni mo ń pè é. Bó bá jẹ ẹ̀kọ kù, á ju ìyókù sínú táǹkì, á máa bá ẹja sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní ẹ̀kọ kíkan yẹn ló ń pa ẹja òun, pé bí òmíràn bá tún kú, kí obìnrin náà lọ wá ibòmíràn gbé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mẹ́ta kú. Ìyá mi ní kí n la ọ̀kan, ká wo inú rẹ̀. Àǹtí wá dúró tì mí. Mo tẹ ìfun ẹja náà, búlúù àti pupa tú sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ṣá.

"Kí lo bá níbẹ̀?" Ìyá mi ń bọ̀ láti ilé ìdáná.

Mo pa ọwọ́ dé. "Ẹ̀kọ ni, mà."

"Ṣé ẹ̀kọ ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn?" Àǹtí béèrè jẹ́jẹ́.

Mo ju ìfun náà sí ṣáláńgá. Ẹ̀rù ìyá mi ló bà mí, mi ò ní àwíjàre mìíràn. Ta sì ni ìyá mi ì bá gbà gbọ́, ọmọ rẹ̀ àbí ayálégbé?

Kí oṣù tó parí, Àǹtí kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sórí ọmọlanke, ó lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò jáde láti kí i. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọn àpò sí táǹkì mọ́, mo sì ń fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní kí eèrí tó wọ̀ wọ́n. Àwọn ẹja tuntun tí ìyá mi kó sí i sanra, ara wọn ń dán. Inú rẹ̀ dùn, ó pe àwọn aládùúgbò wá wò ó.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Àtìgbà tí obìnrin yẹn ti kó lọ, ẹja mi ò kú mọ́. Mo ṣáà sọ."

Ó wá kọjú sí mi. "Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Rárá o, mà," ni mo wí.