Àgọ́ Tí Mọ́mì Yọ Nínú Àpò Mi

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò nílé wa ní Kétu, inú mi sì dùn. Mo tètè sọ èyí kí ẹ má baà rò pé bínúbínú ni mí. Ìdànrè ni èmi àti àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń lọ, láti fi ọjọ́ mẹ́ta fẹsẹ̀ rìn lórí àwọn òkè ibẹ̀. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ṣì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi, Mọ́mì ló sì ń bá mi yan ohun gbogbo. Ìrìn yìí nìkan ni mo fúnra mi yàn.

Ó pẹ́ tí mo ti ń múra. Láràárọ̀ ni mò ń rìn láti Kétu dé géètì Magodo, títí àwọn mẹ́gáàdì fi ń wò mí bí olè. Mo ṣa bàtà tó nípọn lábẹ́ nínú òkìríkà. Èmi àti Bíọ́lá, ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ tó ń gbé ní Ifákọ̀, jọ ra àgọ́ aláṣọ kan tó gba ẹni méjì. Èmi ni mo máa gbé e, òun á gbé sítóòfù àti oúnjẹ.

Lálẹ́ tó ṣáájú, Mọ́mì bá mi níbi tí mo ti ń di ẹrù.

“Kí lèyí?”

“Tẹ́ǹtì ni, mà. Inú ẹ̀ la máa sùn.”

“Nínú igbó? Ìyá Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi ń bẹ ní Ìdànrè, yàrá kún ilé ẹ̀.”

“Mọ́mì, orí òkè la máa wà.”

“Mo ti gbọ́.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá mọ̀ pé “mo ti gbọ́” kì í ṣe “mo ti gbà.” Èmi ò rántí. Nígbà tí mo jáde láti ilé ìwẹ̀, àpò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. “Mo ti bá ẹ tún un dì,” ni wọ́n wí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo arìnrìn-àjò ilé wa nìyẹn. Ó wúwo bó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni mọ́tò gbà dé Àkúrẹ́, ká tó wọ òmíràn dé Ìdànrè. Kòtò tó wà lọ́nà Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe kékeré, òórùn ẹja sì gba gbogbo inú mọ́tò.

“Ta ló gbé ẹja wọ mọ́tò mi?” ni dẹ́rẹ́bà bi wá. Mo wo obìnrin tó jókòó tì mí, mo pòṣé.

Ní Ìdànrè, ẹ̀yìnkùlé ni àpáta wà. Lọ́dọ̀ tiwa, fẹ́ǹsì lèèyàn máa ń rí níbẹ̀. A gun àtẹ̀gùn, a kọjá ìlú àtijọ́ tó wà lókè, a rìn títí oòrùn fi ń wọ̀. Ẹni tó ń ṣíwájú wa ní ká pàgọ́. Mo tú àpò mi: ẹja kíká láti Mile 12, ìgò òróró, àǹkárá tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Kò sí àgọ́.

Bíọ́lá ní, “Tẹ́ǹtì wa dà?”

“Ẹ má bínú, Àǹtí Ṣadé,” ni aṣíwájú wa wí. “Mi ò lè jẹ́ kéèyàn sùn síta.”

Àgọ́ àwọn yòókù gba ẹnì kan péré sí i. Mo ní kí Bíọ́lá dúró. Ọmọ ìlú tó ń fọ̀nà hàn wá sin mí sọ̀kalẹ̀ dé ilé Ìyá Dúpẹ́, mo sì ń sunkún ìbínú lọ.

Iyán àti ẹ̀fọ́ ẹ̀bòlò ti wà nílẹ̀. Ẹ̀bòlò máa ń rùn díẹ̀, àmọ́ ó dùn. Ìyá Dúpẹ́ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ìyá ẹ ti pè mí láti àná,” ni wọ́n wí, “pé ò ń bọ̀ wá sùn.”

Láti àná. Mo ti àwo iyán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ kejì mo padà sí Kétu. Mọ́mì bi mí bóyá mo sùn dáadáa.

“Mo sùn dáadáa, mà. Tẹ́ǹtì mi dà?”

Wọ́n fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n ti ká a dáadáa, wọ́n fi ọ̀rá méjì wé e kí eruku má kàn án. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Wọ́n mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì sí mi.

“Ẹni tó nílé kì í sùn síta,” ni wọ́n wí.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀: ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà, kó kọ́kọ́ ní ilẹ̀kùn tó lè tì. Mo ti ń wá yàrá tí èmi nìkan máa gbà.