Gbòǹgbò Ìsàlẹ̀ Rọ́bà Tíṣà Bọ́sẹ̀dé

Fájọbí kò fẹ́ràn Tíṣà Bọ́sẹ̀dé, Tíṣà náà kò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí èyí tó ń díbọ́n nínú àwọn méjèèjì. Obìnrin náà ló kọ́ ọ níwèé ní kíláàsì kẹrin ní Ayédé. Ó nà án dáadáa nígbà náà, ó sì máa ń dùn ún nígbà mìíràn pé òun kò nà án jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Tíṣà ti ń gbé yàrá méjì nínú ilé Ògúndàmọ́lá, bàbá Fájọbí. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá náà. Lọ́jọ́ tí Tíṣà kó ẹrù dé láti Òsì, ohun kan ṣoṣo ni bàbá bá a sọ. "Gbin ohun tó bá wù ọ́ yí ulé ká, Tíṣà, ṣùgbọ́n má gbin igi." Kò sí ọmọ oko kòkó tí òfin yìí ṣàjèjì sí. Àlejò lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀fọ́, torí ọdún kan ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá gbin ohun tó ń pẹ́ nílẹ̀ ti ń wá bí ilẹ̀ yóò ṣe di tirẹ̀ nìyẹn.

Tíṣà pa òfin mọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìlú Iye fún un ní ẹ̀ka ìtàkùn olódòdó kan, inú rọ́bà ọ̀dà ló sì gbìn ín sí. Ó fi irin gbígbóná lu ìdí rọ́bà kí omi má baà dúró, ó da àfọ́kù ìkòkò sí ìsàlẹ̀, ó da ilẹ̀dú lé e, ó sì fi èèpo kòkó bo ojú rẹ̀. Ìtàkùn náà fẹ́ kí orí rẹ̀ wà nínú oòrùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ibòòji, nítorí náà ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ilé, lábẹ́ máńgòrò, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù. Láàárín ọdún mẹ́fà, ẹyọ kan di rọ́bà mẹ́fà. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò gun ọparun tó fi gbé e ró dé etí páànù. Àwọn tó ń lọ sí Òyè a máa dá ọ̀kadà dúró láti yà á ní fọ́tò.

Bàbá kú. Fájọbí jogún ilé, ó sì fẹ́ sọ yàrá Tíṣà di ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, òun àti Àlàbá, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, wá dúró síwájú àwọn òdòdó náà.

"Tíṣà," ni Fájọbí wí, kò tilẹ̀ kí i, "ẹ kó igi yín kúrò lórí ulẹ̀ bàbá mi."

"Igi wo?"

"Èyí tó ń gun ulé mi yìí."

"Òdòdó nìyẹn, inú rọ́bà ló sì wà. Mo kọ́ yín ní ìyàtọ̀ igi àti òdòdó. Ó ní láti jẹ́ pé odò lo sá lọ lọ́jọ́ náà."

Àlàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ojú Fájọbí pọ́n.

"Ohun tó bá lo ọdún mẹ́fà, igi ni. Ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn yín wá láti Òsì lọ́la, kí wọ́n ní tiyín ni ulẹ̀ yìí."

"Gbé wọn wò!" ni Tíṣà fi igbe ta. "Bí gbòǹgbò kan ṣoṣo bá kan ilẹ̀ bàbá rẹ, màá kó ẹrù mi jáde lónìí!"

Ta ló ní kó búra? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà gbẹ́kẹ̀ lé rọ́bà rẹ̀, inú sì ń bí i.

Àlàbá gbé ti àkọ́kọ́, ekòló nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé èkejì, ó gbé títí dé ìkarùn-ún, Tíṣà sì ti ń fi Fájọbí rẹ́rìn-ín. Ìkẹfà kò mì. Àlàbá fà á, rọ́bà náà ya, gbogbo wọn sì rí gbòǹgbò tó tó àtàǹpàkò, tó gba inú ihò kọjá wọ ilẹ̀ lọ.

Irin ti jó ihò ti rọ́bà yẹn fẹ̀ jù. Tíṣà rí i lọ́jọ́ tó ń lù ú, ó ní omi á tètè máa jò ni. Fún ọdún mẹ́fà, kò gbé e rí, torí òun ló ń tanná jù. Inú bí i sí ìtàkùn náà, inú bí i sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Fájọbí ni inú rẹ̀ ru sí jù lọ, nítorí òun ló jàre.

Fájọbí kò pariwo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ bẹ̀ mí, Tíṣà. Ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ ní 'Fájọbí, jọ̀ọ́.' Mo lè fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀."

Tíṣà mọ̀ pé kò purọ́. Ó tún mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tóun lè lọ àfi ilé tí bàbá òun kọ́ sí Òsì, tí Kọ́lá àbúrò òun wà nínú rẹ̀ báyìí. Ó wo ilẹ̀ tó yẹ kó kúnlẹ̀ sí.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ," ló wí. "Wá ẹlòmíràn tí yóò kúnlẹ̀ fún ẹ."

Kó tó di ọ̀sán, takisí ti gbé e, pẹ̀lú àpótí mẹ́ta àti rọ́bà márùn-ún. Nínú mọ́tò ló ti pe Kọ́lá, ó sì rojọ́ ohun gbogbo fún un, títí kan ọ̀rọ̀ gbòǹgbò. Kọ́lá ní, "Ó dáa, ẹ máa bọ̀."

Kíkẹ́, ìyàwó Kọ́lá, ló jáde wá pàdé rẹ̀ ní Òsì. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gba àpótí. Tíṣà gbé rọ́bà kan, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sábẹ́ igi píà, níbi tí ibòòji wà.

"Àǹtí, ẹ má gbé e síbẹ̀," ni Kíkẹ́ wí, kò wo ojú rẹ̀. "Orí sìmẹ́ńtì iwájú ulé ni kẹ́ ẹ tò wọ́n sí."

"Oòrùn á pa wọ́n níbẹ̀."

"Mo mọ̀, mà. Bàbá àwọn ọmọ ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ulẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ti àwọn ọmọ òun ni."

Kọ́lá wà nínú yàrá. Wọ́n ń gbọ́ rédíò rẹ̀. Tíṣà dúró pẹ̀lú rọ́bà láyà rẹ̀.

"Kíkẹ́," ló wí, "bá mi bẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́."

Kíkẹ́ wọlé lọ. Rédíò kò dákẹ́, kò sì sí ẹni tó jáde.