Ọdún Tí Àwọn Bébì Rù

Nígbà tí èsì ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì wa jáde, Yorùbá àti Ìmọ̀ Ìsìláàmù nìkan ni mo yege. Bàbá mi wo ìwé náà, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni àwọn yòókù sá sí. Ẹ̀yìn ìwé mọ́ tónítóní. Bí mo ṣe di dókítà nìyẹn.

Dókítà bébì ni o, ẹ má tíì máa kí mi. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà'ba tí wọ́n ti ń ta ike: abọ́, òòyà, dígí, àti ọmọlángidi rọ́bà tí gbogbo èèyàn ń pè ní bébì. Èyí tí apá rẹ̀ bá já tàbí tí orí rẹ̀ bá yọ, èmi ni wọ́n ń gbé e fún. Inú bébì ṣófo. Rọ́bà kan ló gba ikùn rẹ̀ kọjá, tó di apá, ẹsẹ̀ àti ọrùn mú. Tí rọ́bà yẹn bá ti já, ọmọ ti túká. Mo ní wáyà kan tí mo tẹ̀ bí ìwọ̀, òun ni mo fi ń fa rọ́bà tuntun láti ẹsẹ̀ kan dé èkejì. Èmi tí mi ò rí ìdáhùn so mọ́ ìbéèrè, mo wá ń so orí mọ́ ọrùn.

Èyí tó burú jù ni pé mo ń kó wọn jọ. Bébì tí ọjà rẹ̀ bá ti kú, tí Bàbá Kékeré bá ní kí n lọ jù ú nù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló ń lọ, sínú páálí kan. Ọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ti ní irunmú mẹ́ta, tó ń kó bébì pamọ́. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀.

Páálí yẹn ni mo fi mọ bí ara wọn ṣe ń yí padà. Àwọn tó kọ́kọ́ dé kúrú, wọ́n ki, apá wọn lẹ̀ mọ́ ara. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀ tí apá wọn ń yí. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń dijú tí èèyàn bá tẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń gùn sí i lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ṣáà sanra. Àfi ọdún tí mò ń sọ yìí. Bàbá Kékeré tú ẹrù tuntun, ohun tó jáde níbẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́: ìbàdí bíi ti agbọ́n, ọrùn bíi ti lékeléke, orúnkún àti ìgúnpá ń ká bíi ti èèyàn.

"Ojú ti là," Bàbá Kékeré wí. "Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ bébì oníkùn mọ́."

Ó dùn mọ́ mi nínú. Mi ò ronú kan ilé.

Ní ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti bí ìbejì ní bí ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà yẹn, obìnrin ni méjèèjì. Ọ̀kan kú kó tó mọ̀ ọ́n rá. Láyé ọjọ́un, agbẹ́gilére ni wọn ì bá sáré lọ bá, ṣùgbọ́n ilé wa ti di ilé mùsùlùmí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní kí wọ́n má gbé igi wọlé, kí wọ́n lọ ra bébì. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Tí Ìyá Ìbejì bá ń wẹ ọmọ tó kù, á wẹ bébì. Aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Tó bá se ẹ̀wà, ẹnu bébì ni yóò kọ́kọ́ fi kàn kí ọmọ tó jẹun.

Àmọ́ Ìyá Ìbejì fi ọ̀kan kún un tí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bí ọmọ tó kù ṣe ń dàgbà, ó ń pààrọ̀ bébì sí èyí tó gùn jù ú lọ, kí èkejì má bàa gbẹ́yìn. Ìyá Àgbà ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Wọ́n á ní, "Ẹni tó kú lọ́mọ ọwọ́, ọmọ ọwọ́ ni. Ẹ má sọ ọ́ di àgbà. Àgbà ní ohun tó ń bèèrè."

Ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, eku sì jẹ ojú bébì. Ìyá Ìbejì pè mí. Akọ̀wé ló ń pè mí, torí mo ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e níyàwó, èmi náà ń jẹ́ ọkọ rẹ̀, kò sì lè pe orúkọ mi. Ọkọ tí kò ní bàtà méjì.

"Akọ̀wé, okùn rèé. Mo ti wọ̀n ọ́n, ó dé ìgbáròkó ọmọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ gùn jù, kò gbọdọ̀ kúrú."

Mo gbé okùn kiri. Bẹẹrẹ, kò sí. Oríta-mẹ́rin, kò sí. Ní Òjé, obìnrin kan wo okùn, ó wo irunmú mi, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi ṣeré ni?" Bébì tó sanra ti tán lọ́jà. Mo padà sí Ọjà'ba, mo na okùn sí ọ̀kan nínú àwọn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ṣe rẹ́gí. Inú mi dùn bí ẹni tó yege ìṣirò. Rọ́bà inú rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, mo bá yọ ọ́, mo fi rọ́bà tí mo gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ dípò, mo fà á le dáadáa, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ dókítà ni.

Ìyá Ìbejì tú u lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀, ó fi kan itan rẹ̀.

"Akọ̀wé, kí ló dé tí ọmọ mi rù báyìí?"

"Kò rù o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn. Ẹ wo orúnkún rẹ̀, ó ń ká."

"Mo ní, ta ló febi pa á?"

Mo mú okùn, mo tún wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Kò wo okùn. Mo ti wọn gígùn, mi ò wọn sísanra. Ọmọ náà kúnlẹ̀ tì í, ó wo ojú bébì títí, ó ní, "Èkejì mi ò tíì jẹun."

Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹun dáadáa mọ́. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀wà fún un, á da ìdajì sí abọ́ èkejì. Ó di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó di gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ní, "Jẹun, ìyá mi, jẹun," á ní, "Tó bá sanra, màá jẹ." Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó bì í. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dìde dúró, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ sì yọ̀ gba ìgbáròkó, ó bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ọjọ́ yẹn gan-an lọ́sàn-án ni apá gbéra.

Òòrùn mú, páànù ń dún tà-tà lórí wa. Bébì jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kọjú sí ẹní ọmọ náà. Ojú gbogbo wa ló ṣe. Apá rẹ̀ ọ̀tún gbéra díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, ó na àtẹ́lẹwọ́ síta, ó dúró bẹ́ẹ̀.

"Ó ń tọrọ," Ìyá Ìbejì wí.

"Rọ́bà ni!" mo kígbe. "Èmi ni mo fà á le jù. Tí ooru bá mú rọ́bà tí wọ́n fà, ńṣe ló ń súnkì. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi so ó."

Ìyá Àgbà ò gbójú kúrò lára bébì. "Mo gbọ́. Kí ló dé tí rọ́bà ò nawọ́ sí ìwọ?"



Mo wá ní ọgbọ́n kan. Ọgbọ́n mi, ẹ ti mọ èsì rẹ̀. Mo ní kí Ìyá Ìbejì tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé àṣà tuntun ni, kì í ṣe ebi. Bàbá Kékeré ká aṣọ kúrò lójú pẹpẹ. Bébì méjìlá ló dúró níbẹ̀, ọrùn gígùn, ìbàdí tín-ín-rín, gbogbo wọn ń wo iwájú.

"Gbogbo wọn?" Ìyá Ìbejì bèèrè.

"Gbogbo wọn ni, ìyàwó. Ohun tó lòde nìyẹn."

"Ta ló wá ń fún wọn lóńjẹ?"

Bàbá Kékeré wò mí. Èmi náà wo Bàbá Kékeré. Ìyá Ìbejì ti yíjú padà, ó ń lọ gba ọ̀nà Mápó bí ẹni tí wọ́n ń lé, mò ń sáré tẹ̀lé e. Ebi ń pa ọ̀kan nílé, mo wá mú un lọ wo méjìlá.

Nígbà tí a délé, ọmọ náà ò lè dìde jókòó mọ́. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ìyá Àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Gbé e wá."

"Páálí wo, Ìyá Àgbà?"

"Ṣé kí n ka orúkọ àwọn ọmọ inú rẹ̀ fún ọ ni?"

Mo gbé ìtìjú mi jáde síta gbangba, mo tú u sórí ẹní. Gbogbo wọn ki, gbogbo wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó gùn jù níbẹ̀ ò ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ.

Ìyá Ìbejì mi orí. "Wọ́n ti kéré jù. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́fà."

"Ọmọ rẹ kò pé ọdún kan," Ìyá Àgbà wí, jẹ́jẹ́.

Mo ń gbọ́ bí páànù ṣe ń dún. Ìyá Ìbejì wo ọmọ tó wà lórí ẹní, ó wo apá tó ṣì nà síta lára ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ wá ń ti orí bébì kan dé orí òmíràn, ó gbé ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti ya, ó gbé e sórí itan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀já gbà á. Láti ìgbà tí àwọn bébì ti gùn kọjá ẹ̀yìn, kò pọ̀n ọ̀kan rí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ náà lajú. "Ta nìyẹn, Ìyá?"

"Èkejì rẹ ni."

"Ó sanra."

"Ó sanra, ọmọ mi."

"Ó ti yó?"

Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi ẹ̀wà kan bébì lẹ́nu, ó fi etí ìró nù ún. "Ó ti yó."

Ọmọ náà la ẹnu. Ṣíbí kan. Ó gbé e mì. Ṣíbí kejì. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ gbì, bí ẹni tí ẹrù bọ́ lórí rẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n gbé tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò. Bàbá Kékeré ní òun ò gbà á padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì gbèrò láti fi wáyà mi yọ rọ́bà inú rẹ̀. Mo mú wáyà dání fún ìgbà pípẹ́. Mo wá ká orúnkún rẹ̀, mo ká ìgúnpá rẹ̀, mo tì í sínú páálí, mo dé e.

Ọmọ náà gbádùn. Kí Iléyá tó dé, ìlẹ̀kẹ̀ ti tún dúró nídìí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fẹ́ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà, ó dì mí láṣọ mú.

"Bùrọ̀dá, èyí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́? Ta ló ń fún un lóńjẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní rọ́bà ni, rọ́bà kì í jẹun. Mo wọ yàrá mi. Páànù gbóná, òógùn ń bọ́ sí mi lójú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìdérí páálí ti gbéra ní etí kan, díẹ̀ báyìí.

Rọ́bà ni. Èmi ni mo ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ilé. Mo jáde lọ síbi ìkòkò Ìyá Ìbejì, mo bu ẹ̀wà ṣíbí kan, mo gbé e sí etí páálí, mo sì jókòó tì í títí tí páànù fi tutù.