Ọ̀já Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Àlùbọ́sà ni mò ń tà lẹ́nu èbúté ní Lọ́kọ́ja, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí òdìkejì. Tẹ́lẹ̀, pákó méjì tó ń mì ni a fi ń wọkọ̀. Bí o bá sanra bíi tèmi, gbogbo èbúté ló máa dákẹ́ wò ọ́. Ní báyìí wọ́n ti ṣe afárá onírin tó ń léfòó, wọ́n fi òrùlé sí i, wọ́n sì fi òfin sí i: ẹni tí kò bá wọ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù pupa rọ́bọ́tọ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kò ní wọkọ̀.

Ẹ má bi mí bí ẹ̀wù yẹn ṣe ń rùn. Òógùn gbogbo ẹ̀yà tó wà ní Kogí ló wà lára rẹ̀. Mo rí obìnrin kan tó bọ́ tiẹ̀ láàárín odò, tó fi wé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ rẹ̀. Ó ní òun mọ omi í wẹ̀, ẹja ni kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kan ìyàwó ọmọ mi, ẹ̀rín ò kọ́kọ́ sí níbẹ̀. Ọmọ Ígálà ni. Ọmọ mi ń wa tírélà, kì í gbélé, ìyàwó bá lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní òdìkejì nígbà tí oyún ṣì kéré. Nígbà tó wọ oṣù kẹsàn-án, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ọsibítù ńlá ní Lọ́kọ́ja ni kó ti bí, kó má sì pẹ́ rárá. Ọ̀nà títì yípo jìnnà, kòtò rẹ̀ sì tó kí aláboyún bímọ sínú ẹ̀. Omi ló kù. Omi náà ló sì ń bà á lẹ́rù, nítorí ọkọ̀ ti dà á sódò rí nígbà tó wà lọ́mọdé.

Mo fi àlùbọ́sà mi sọ́wọ́ ẹni tó pààlà ìsọ̀ pẹ̀lú mi, mo kọjá lọ mú un. Ó bá mi dé etí omi, ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀.

"Màmá, mi ò lọ mọ́."

"Ṣé kí n bá ọ bí i ni?"

"Ẹ̀wù yìí ò pa dé. Ẹ wò ó."

Òótọ́ ni. Ikùn ti ju ẹ̀wù lọ. Okùn ọ̀tún àti okùn òsì ń wo ara wọn lókèèrè bí orogún. Awakọ̀ wa, ọkùnrin Nupé kan tó máa ń pè mí ní Hàjíà, èmi tí n kò rí Mẹ́kà rí àfi lórí kàlẹ́ńdà, ó mi orí.

"Hàjíà, òfin ni o. Kò sí jákẹ́ẹ̀tì, kò sí ọkọ̀."

"Gbé èyí tó tóbi wá."

"Bákan náà ni gbogbo ẹ̀ rí."

"Ẹni tó rán an ò lóyún rí, ó hàn."

Èrò ti ń kùn. Ìyàwó mi ti gbé àpò rẹ̀, ó fẹ́ padà sílé. Ọ̀já àtijọ́ kan wà ní ìdí mi, òun ni mo fi pọn ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ra ẹrù ọmọ sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Ṣùgbọ́n mi ò kúkú rà á, ó ti wà nílẹ̀. Mo tú u, mo ki í bọ inú okùn jákẹ́ẹ̀tì lọ́tùn-ún lósì, mo yí i ká ẹ̀yìn, mo dì í lókè ikùn bí mo ṣe máa ń di ọmọ tó ń jà lẹ́yìn mi.

Awakọ̀ fà á, kò tú.

"Hàjíà, ṣé èèyàn lẹ dì yìí àbí ẹrù?"

"Ìyàwó mi ni, ọmọ ọmọ mi ni, ẹ̀wù yín náà sì ni. Tan ẹ́ńjìnnì!"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi fà á wọkọ̀ kó tó rántí ẹ̀rù.

Ó pajú dé, ó gbá ọwọ́ mi mú bí ẹni tó mú olè. A dé ibi tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè, tí ọkọ̀ ti máa ń jó díẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó tì wá rí ọ̀já, ó rí bí nǹkan ṣe yọ síwájú, ó rò pé ọmọ la pọ̀n síbẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o!"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bí i ná!" ni mo fi dá a lóhùn.

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi lajú, ó sì wo omi fúnra rẹ̀. Kò tún pajú dé mọ́ títí a fi gúnlẹ̀.

Ọsibítù gbà á, ó sì bí wẹ́rẹ́. Ní báyìí, awakọ̀ náà ti ra ọ̀já méjì sínú ọkọ̀ fún aláboyún, ó ń sọ fún èrò pé ọgbọ́n òun ni. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́. Ọ̀já tèmi wà lára ìyàwó mi bó ṣe ń wọkọ̀ lọ kí ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin tó bí wà nínú ẹ̀, ó ń nawọ́ sí omi.