Ìdọ̀bálẹ̀ Mustaqeem Nínú Ilé Orí Táyà

Mustaqeem ọmọ Hatim ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì mẹ́rin. Kudai ní Mẹ́kà ni wọ́n ti bí i. Bàbá bàbá rẹ̀ wá ṣe Hájì láti Ìsẹ́yìn, kò padà. Ẹ̀rọ amúlétutù inú bọ́ọ̀sì ni Mustaqeem ń tún ṣe ní Bahra, láàárín Mẹ́kà àti Jẹ́dà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní Kudai, orí àgbà ni wọ́n ń fẹnu kò.

Rumaysa ló fẹ́ fẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà Abdulateef, ní Jẹ́dà. Ìwé iṣẹ́ Rumaysa ti fẹ́ parí. Ìyá wọn, Àlàájà Kabirat, wá láti Ṣakí fún Úmúrà. Ó sọ fún wọn pé bí òun kò bá rí ọkọ tó tẹ́ òun lọ́rùn, òun àti Rumaysa ló jọ máa wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti lé ọkùnrin méjì. Èkíní fi ìka kan ilẹ̀. Èkejì kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Àlàájà ní òun kò bímọ fún ẹni tí ikùn rẹ̀ kò lè kan ilẹ̀.

Àlàájà kò fẹ́ràn ilé gíga. Àdúgbò Al-Aziziyah ní Mẹ́kà ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, ní àjà kẹsàn-án. Ó wọ ẹ̀rọ agbéniròkè lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní wọn kì í gbé ẹni tí kò tíì kú sínú àpótí. Ni Dókítà bá gba kárafáànì fún un nínú ọgbà tí mò ń tọ́jú, lẹ́yìn Bahra, níbi tí ilé parí sí tí iyanrìn àti igi ẹlẹ́gùn-ún ti bẹ̀rẹ̀. Kárafáànì ni ilé orí táyà tí mọ́tò ń fà. Mọ́kànlá ló wà nínú ọgbà náà. Àwọn ará Jẹ́dà máa ń wá síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á dáná, wọ́n á ní àwọn wà lóko. Àlàájà wo yíká, ó ní oko kí ni, kò sí iṣu.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Mustaqeem ti dé kí Dókítà tó gbé ìyá rẹ̀ àti Rumaysa dé láti ìrun Jímọ̀ ní Mẹ́kà. Ó fi téèpù wọn inú kárafáànì láti ẹnu ọ̀nà dé bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ bàtà méje ni. Òun náà á gbà síbẹ̀. Síbẹ̀ inú rẹ̀ kò dùn, ó yíjú sí mi.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká yí i.”

“Ká yí kí ni?”

“Kárafáànì. Bẹ́ńṣì tí Àlàájà máa jókòó sí, ọ̀nà Mẹ́kà ló wà. Tí mo bá dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹni tó bá rí mi lójú fèrèsé á ní ìyá ìyàwó ni mò ń kírun sí.”

“Ìdọ̀bálẹ̀ yàtọ̀ sí ìforíkanlẹ̀. Ikùn ni wọ́n ń fi lélẹ̀.”

“Èmi àti ẹ̀yin la mọ̀. Salem kò mọ̀.”

Òótọ́ ni. Salem, ará Jẹ́dà kan, ló gba kárafáànì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ojú fèrèsé ló sì ń gbé.

Táyà méjì ló wà láàárín kárafáànì. Ẹsẹ̀ irin mẹ́rin wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má baà mì. A fi ọwọ́ irin kan yí gbogbo ẹsẹ̀ náà sókè. Mustaqeem fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ fà á yí, bẹ́ńṣì bọ́ sí ọ̀nà Jẹ́dà, ó sì tú u kúrò lára píkọ́ọ̀pù. A yí ẹsẹ̀ méjì iwájú sílẹ̀. Ó ku méjì ẹ̀yìn, lábẹ́ bẹ́ńṣì, nígbà tí mọ́tò Dókítà wọlé.

Àlàájà rìn lọ sí ibi tó gbà jáde láàárọ̀, ó dúró.

“Ta ló gbé ìlẹ̀kùn mi lọ?”

“Ó rẹ̀ yín ni, Màmá,” Dókítà ní.

“Kò rẹ̀ mí. Ìlẹ̀kùn mi wà níbí.”

Rumaysa mú un lọ sí òdìkejì. Wọ́n wọlé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mo gbọ́ ohùn Àlàájà: “Èyí tó ga bí òpó iná yẹn, ṣé òun ni? Kó wọlé.”

“Ẹsẹ̀ méjì ṣì kù,” mo sọ fún Mustaqeem.

“Bàbá, Àlàájà ń pè mí.” Ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ irin náà lọ́wọ́.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, àyà, ikùn àti itan. Kò sí èyí tí kò kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà wọn àádọ́fà kílò, kẹ́ẹ̀gì omi Sàmúsámù mẹ́jọ tí Àlàájà fẹ́ gbé lọ sílé sì wà lábẹ́ bẹ́ńṣì. Ẹ̀yìn kárafáànì tẹ̀ wálẹ̀. Imú rẹ̀ gbéra sókè ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mustaqeem yọ̀ lọ síwájú lórí ikùn, orí rẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ńṣì láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì.

“Ó tó!” Àlàájà kígbe. “Mo ti rí i! Má wọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ!”

“Kì í ṣe èmi, Àlàájà. Ilé ni.”

Dókítà fẹ́ dìde.

“Ẹ má mira!” mo ní. “Bí ẹ bá dìde, imú ilé á já lulẹ̀. Ọwọ́ irin dà?”

“Mo sùn lé e,” Mustaqeem dáhùn.

Dókítà tẹ̀ síwájú láìdìde, ó na ọwọ́ sábẹ́ àyà rẹ̀ bí ẹni ń wá ẹyin lábẹ́ adìyẹ. Ó rí i, mo yí lọ sẹ́yìn ilé, ó jù ú sí mi lójú fèrèsé. Salem ti yọjú.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ó bi mí ní Lárúbáwá.

“Kò sí nǹkan. Ọkùnrin kan ló ń kí ìyá ìyàwó rẹ̀.”

Salem wo imú kárafáànì lókè. Ó ní ó ti kí i jù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹsẹ̀ méjèèjì, ìyíká mẹ́wàá ní ọ̀tún, mẹ́wàá ní òsì. Àlàájà kò jẹ́ kí àkókò náà ṣòfò.

“Ṣé o máa ń jẹ ata?”

“Aiwa.”

“Ó ní bẹ́ẹ̀ ni,” Rumaysa ní.

“Mi ò bi ọ́. Ẹni tó wà nílẹ̀ ni mò ń bi. Ṣé wàá máa gbé ọmọ mi wá sí Ṣakí lọ́dọọdún?”

“Ọdún méjì-méjì, Àlàájà. Tí mo bá ní ọdọọdún, irọ́ ni.”

“Àwọn tó ṣáájú rẹ ní oṣooṣù.” Ó wo ìlẹ̀kùn. “Kí ló dé tí ẹ yí ilé mi?”

Mustaqeem sọ fún un láti abẹ́ bẹ́ńṣì, ọ̀rọ̀ Mẹ́kà àti ti Salem.

“O mọ Ẹni tó yẹ ká foríkanlẹ̀ fún. Ìyẹn dáa. Ta ló wá gbàgbé ẹsẹ̀ ilé?”

Dókítà wò mí lójú fèrèsé. Mo la ẹnu láti ní èmi ni.

“Èmi ni, Àlàájà,” Mustaqeem ní. “Ó ku ẹsẹ̀ méjì. Ẹ pè mí, mo fi í sílẹ̀.”

“O ò lè ní kí n dúró?”

“Kò wá sí mi lọ́kàn.”

Àlàájà wo Rumaysa. “Ṣé bó ṣe máa ń gbàgbé nǹkan nìyí?”

“Tí èèyàn bá pè é ni, Màmá.”

Mo yí mẹ́wàá sí i lọ́tùn-ún àti lósì. Kárafáànì ti fẹ́ tọ́.

“Mustaqeem.”

“Àlàájà.”

“Bàbá rẹ dà?”

“Ó wà ní Kudai.”

“Èmi kò ní bá ìwọ nìkan sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó. Lọ mú un wá. Kó wá lónìí, kó má jẹun kó tó wá, Rumaysa máa dáná.”

Rumaysa fi ìborùn bo ẹnu. Mo ní ilé ti dúró, wọ́n lè mira. Mustaqeem fà sẹ́yìn, ó forí gbá bẹ́ńṣì. Ó dìde, ó forí gbá àjà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ píkọ́ọ̀pù, ó lọ.